Kì í ṣe Owó Ìtanràn Ló Kọ́ Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Gẹ̀ẹ́sì



Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé òun ti fagi lé ìlànà tí òun fúnra òun gbé kalẹ̀ ní 2022, èyí tó ní kí á máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ká máa fi kọ́ wọn báyìí, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé níbi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ọ̀pọ̀ òbí ló mi orí sí i. Ṣebí tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ilé ìwé wa ti ń kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá sọ "fanákúlà" nínú ọgbà yóò san owó ìtanràn.

N kò bá ti ìjà wá. Iṣẹ́ ìtàn ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, ohun tí mo sì lè ṣe ni pé kí n béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ ìtàn: báwo gan-an ni ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀wé rárá ṣe di ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, tó ń kọ ọ́, tí àwọn tó ni èdè náà sì ń fún un ní máàkì? Ìjẹ̀bú-Òde ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kíákíá ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ojú sì tó o.

Ìlú tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí

Títí di ọdún 1892, àwọn Ìjẹ̀bú kò gba oníwàásù òyìnbó láyè. Àwọn ni wọ́n di ọ̀nà tó ti Èkó wọ ilẹ̀ Yorùbá mú, wọn kò sì fẹ́ kí àlejò kankan gba orí wọn kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ìgbàlódé ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọ̀n. Ohun tó wá ya àwọn òpìtàn lẹ́nu ni ohun tó tẹ̀ lé e. Láàárín ìran kan péré, ìlú tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí yìí di ìlú ṣọ́ọ̀ṣì, ìlú mọ́ṣáláṣí àti ìlú ilé ìwé.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa, kì í ṣe pé ìfẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń pa wọ́n. Oníṣòwò ni Ìjẹ̀bú. Wọ́n rí i pé ìwé ni agbára tuntun tó dé yìí ń lò: ìwé ìpè sí kóòtù, ìwé àdéhùn lórí ilẹ̀, ìwé ọjà láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó l'Ékòó. Ẹni tí kò bá lè ka ìwé tí wọ́n ní kó tẹ̀ka sí, ẹlòmíràn ni yóò kà á fún un, ẹni yẹn ló sì máa pinnu ohun tó wà níbẹ̀. Ààbò ni wọ́n ń wá nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ fi èdè ṣe kì í pẹ́ kọ́ ọ.

ABD ló ṣáájú ABC

Àwọn kan rò pé láyé àtijọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọmọ. Irọ́ ni. Lóòótọ́, òfin ẹ̀kọ́ tó jáde ní 1882, tó kan Èkó, kò ka èdè abínibí sí. Gẹ̀ẹ́sì kíkà àti kíkọ ló ń san owó ìrànwọ́ lé lórí. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwé ìjọ CMS káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ABD ni ọmọ kọ́kọ́ máa ń kọ sórí síléètì, lẹ́yìn náà ló kan Ìwé Kíkà, Bíbélì àti ìwé orin, gbogbo wọn ní Yorùbá. Ìgbà tí ọmọ bá ti mọ̀ pé àmì dúdú orí ìwé ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n tó mú Gẹ̀ẹ́sì wá. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já, wọ́n kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn ní 1922 pé èdè abínibí ló yẹ kí á fi bẹ̀rẹ̀ ọmọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá gba irú èrò yìí wọlé nínú ìwé ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 1925.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí nípa ọmọ Ìjẹ̀bú. Yorùbá inú ìwé yẹn gan-an kì í ṣe èdè ilé rẹ̀. "Yún" ni ìyá rẹ̀ ń sọ. "Lọ" ni ìwé kọ. Ohùn Ìjẹ̀bú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ àti gírámà tirẹ̀, tí ará Ọ̀yọ́ kò ní tètè gbọ́. Kí ọmọ yìí tó dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti kọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò, ó ti mọ̀ pé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé yàtọ̀ sí bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òde òní tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àpèkọ, àròkọ àti yíǹkì pupa

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1913, Ijebu Ode Grammar School ṣí ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tí ìlú kò gbàgbé níbẹ̀ ni Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, tó darí ilé ìwé náà fún ohun tó lé ní ọdún 12, títí di 1932 tó fi kọjá sí Abeokuta Grammar School. Ní 1926, nígbà tó wà ní Ìjẹ̀bú, ó kó àwọn ọ̀gá ilé ìwé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jọ di ẹgbẹ́ kan. Irú ẹgbẹ́ báwọ̀nyẹn ló para pọ̀ di Nigeria Union of Teachers ní 1931, òun náà sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyẹn ni pé inú ìlú yìí ni àwọn olùkọ́ ti ń jókòó jíròrò iṣẹ́ wọn, kí orílẹ̀-èdè tó ní ẹgbẹ́ olùkọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nírú ilé ìwé báyẹn? Ọ̀nà tó le ni, kò sì dára tán. Àpèkọ wà: olùkọ́ á kà, ọmọ á kọ, àṣìṣe kan, ẹgba kan. Gírámà J. C. Nesfield wà, ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn ọmọ Íńdíà kó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, níbi tí ọmọ yóò ti máa tú gbólóhùn sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń tú ẹran Iléyá. Ìwé kíkà wọn kún fún yìnyín àti òdòdó tí ẹnikẹ́ni kò rí rí nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta wà ńbẹ̀ tí n kò rí mọ́ nísinsìnyí. Ọmọ ń kà á sókè, tí etí rẹ̀ fi mọ bí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń rìn. Ọmọ ń kọ àròkọ lóòrèkóòrè. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹnì kan ń kà á, ó ń fi yíǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe, ó sì ń dá a padà pé kí ọmọ tún un kọ.

Ìdánwò náà kò ṣeé fi ṣeré. Cambridge ló ń ṣe é. Bí ọmọ bá kọ ọ́ tán ní Ìjẹ̀bú-Òde, inú ọkọ̀ ojú omi ni ìwé ń bá lọ sí Ìlú Ọba. Nígbà tí WAEC dé ní 1952, ìlànà yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá pàdánù Gẹ̀ẹ́sì ti pàdánù gbogbo ìwé ẹ̀rí, kódà kó gbégbá orókè nínú ìṣirò. Ohun tó jẹ́ kí èdè yìí di ẹ̀rù ńlá lọ́kàn àwọn òbí wa nìyẹn, ẹ̀rù náà kò sì tíì lọ di òní.

Obìnrin Ẹ̀sà-Òkè tó kọ́ wa

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé ìwé girama pọ̀ ní Ìjẹ̀bú bí olú. Olóyè Timothy Adeola Odutola dá Olu-Iwa College sílẹ̀ ní 1945. Molusi College bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1949. Tai Solarin jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ láti 1952 títí di 1956 tó lọ dá Mayflower sílẹ̀ n'Íkẹ́nnẹ́. Ijebu Muslim College dé ní 1950. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955, ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ aláró náà di ọmọ ilé ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, olùkọ́ tó mọṣẹ́ kò tó. Ìwé ló wá gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ olùkọ́.

Ibí ni orúkọ kan ti yẹ kó jáde, tí àwọn ọmọ wa kò mọ̀: Phebean Itayemi, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, tó di Ogundipe nígbà tó lọ́kọ. Ní 1946 ó gba ẹ̀bùn ìtàn kúkúrú tí British Council ṣètò rẹ̀, nígbà tí obìnrin tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn nílẹ̀ yìí kò tó nǹkan. Ní àárín àwọn ọdún 1960, òun àti P. S. Tregidgo kọ *Practical English*, ìwé fún àwọn ọmọ girama láti kíláàsì kìíní dé ìkarùn-ún. Òun náà ló tún *Brighter Grammar* Eckersley àti Macaulay ṣe fún wa. Bí ẹ bá ka ìwé girama láàárín 1966 sí 1990, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé obìnrin Yorùbá yìí ló kọ́ yín ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ kò sì mọ̀.

Kí ló yàtọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀? Àkàyé á ṣáájú, ìbéèrè á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni gírámà, ìdánrawò àti àròkọ, gbogbo rẹ̀ so kọ́ ara wọn. Ẹni tó mọ ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ wa ti máa ń yọ̀ ló kọ ọ́. Ẹ wò ó: "ó" wa kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, nítorí náà ọmọ á kọ "he" nípa ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í yí padà: "mo lọ lánàá", "mo máa lọ lọ́la", "lọ" náà ni; ọmọ á wá kọ "I go yesterday". Ìwé méjì, ìwé kan, "ìwé" náà ni. "S" á sọ nù. Àwa a máa ń gbọ́ òórùn, òyìnbó kì í gbọ́ ọ. Kò sí òpè nínú àwọn àṣìṣe wọ̀nyí. Gírámà Yorùbá tó péye ni ọmọ ń lò, àmọ́ ibi tí kò yẹ ló lò ó sí. Olùkọ́ tó gbọ́ èdè méjèèjì lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣàlàyé rẹ̀. Èyí tí wọ́n ní kó má sọ Yorùbá ní kíláàsì, ẹgba ló kù fún un.

Akọ̀wé ilé

Ohun tí ọmọ ṣe nílé kò kéré sí ohun tó ṣe ní ilé ìwé. Ní ìgbà tí kò sí fóònù, ọmọ girama ni akọ̀wé gbogbo agboolé. Ìyá àgbà á jókòó, á máa pe ọ̀rọ̀ fún un: "Kọ ọ́ sí i pé a kí i, pé orí òrùlé ti ń jò, pé kó má gbàgbé ẹni tó bí i." Bó bá jẹ́ ọmọ ìyá tó wà l'Ékòó ni, Yorùbá ni yóò kọ. Bó bá jẹ́ ọ̀gá iléeṣẹ́ tàbí àjẹ́lẹ̀ ni, ọmọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì tó ní ọ̀wọ̀, kó má ba orúkọ ilé jẹ́. Bí èsì bá dé, òun náà ni yóò kà á, yóò sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Àkàyé, àgékúrú àti lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́ rèé, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láìsí olùkọ́. Bó bá sì kà á ṣì, ọ̀ràn gidi ló dá.

Àwọn mìíràn ní ọ̀rẹ́ ìwé ní Íńdíà, ní Jámánì, ní Amẹ́ríkà, tí wọn kò rí sójú rí. Wọ́n ń ka *Daily Times*, wọ́n ń ka *Tribune* tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1949. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, gba oyè B.Com. ti yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944 láì kúrò nílé. Ìwé kíkà ní dídákà ni. Nígbà tó yá, *Eze Goes to School* dé, àwọn ìwé African Writers Series dé láti 1962, Pacesetters dé ní 1977. Àwọn ọmọkùnrin a sì máa fi James Hadley Chase pamọ́ sáàárín ìwé ìṣirò. Olùkọ́ ń gbà á lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè kọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ fanákúlà

Níbo wá ni owó ìtanràn wà nínú gbogbo èyí? Ó wà níbẹ̀ o. Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Ní Wales, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọmọ tó bá sọ èdè Wales ní ilé ìwé á gbé pátákó kékeré kọ́rùn, yóò sì wà lọ́rùn rẹ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi ṣẹ̀. Ní àwọn ilé ìwé Faransé, ní Dahomey níbi tí ìbátan wa wà, ohun tó jọ ọ́ wà, "symbole" ni wọ́n ń pè é. Ngũgĩ wa Thiong'o kọ nípa irú rẹ̀ ní Kenya.

Mo gbà pé ó ní ibi tó wúlò. Níbi tí ọmọ Hausa, ọmọ Igbo àti ọmọ Ìjẹ̀bú bá ti jọ ń gbé ọgbà kan, wọ́n nílò èdè kan tí gbogbo wọn gbọ́. Ó sì jẹ́ kí ẹnu àwọn kan yá. Ṣùgbọ́n ẹnu yíyá kọ́ ni ìwé kíkọ. Ọmọ tó ń bẹ̀rù owó ìtanràn á dákẹ́, tàbí kó há gbólóhùn mẹ́wàá tí kò léwu sórí. Kò sí ẹni tí wọ́n ta lówó ìtanràn tó torí ẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ń fi kọ́mà sí.

Bí a bá sì ń wá ẹ̀rí, ẹ̀rí wà nílé. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan, tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò pẹ̀lú àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin, àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò rẹ̀yìn; wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 50 báyìí. A ní ìwádìí náà nínú àpótí, a wá ń béèrè ohun tó wà nínú àpótí.

Máàkì 50

Ẹ jẹ́ ká wo àròkọ WAEC bó ṣe wà. Wọ́n ní kí ọmọ kọ ohun tí kò dín ní 450 ọ̀rọ̀. Máàkì 50 ni wọ́n máa ń pín báyìí: 10 fún ohun tó ní í sọ, 10 fún bó ṣe tò ó, 20 fún bó ṣe gbé e kalẹ̀ lédè, 10 fún sípẹ́lì, gírámà àti àmì ìkọ̀wé. Ààbọ̀ máàkì ni àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú mẹ́wàá tó kẹ́yìn yìí.

Ẹ ṣírò rẹ̀. 20 nínú 50, èrò àti ètò ni. Ọmọ lè kọ́ méjèèjì ní Yorùbá, kó sì gbé wọn wọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń ro ẹjọ́, tó mọ ohun tó yẹ kó ṣáájú àti èyí tó yẹ kó kẹ́yìn, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìdajì ọ̀nà lọ́wọ́. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ka iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, gírámà kọ́ ló kọ́kọ́ ń dá mi dúró. Ojú ewé méjì tí kò sọ nǹkan kan ni. Ọmọ tí a kò jẹ́ kó ro àròjinlẹ̀ ní èdè kan, èdè wo la fẹ́ kó fi rò ó?

Àìsàn tó ń ṣe wá gan-an ṣeé dárúkọ. Olùkọ́ kan, ọmọ ọgọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kíláàsì: tó bá fún wọn ní àròkọ lọ́sẹ̀ yìí, ìgbà wo ló fẹ́ kà á tán? Kò ní fún wọn. Ọmọ á wá dé inú gbọ̀ngàn ìdánwò láì tíì kọ àròkọ márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kà. Ilé ìkàwé ilé ìwé ti di yàrá ìkẹ́rùsí. Òbí á wá ra "ẹ́kípò" fún ọmọ rẹ̀. Yorùbá kọ́ ló ṣe èyí fún wa o.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú àti níbi gbogbo, ohun tí ìtàn fi lé wa lọ́wọ́ kò wọ́n. Kí ọmọ máa ka ojú ewé mẹ́wàá lóòjọ́, ohunkóhun tó bá wù ú, kó sì máa ka díẹ̀ sókè. Kó máa kọ ojú ewé kan lọ́sẹ̀, sí ẹni gidi: lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí gọ́tà iwájú ilé. Kí ẹnì kan kà á, kó fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe mẹ́ta péré, kí ọmọ sì tún un kọ. Bí olùkọ́ kò bá ráyè, kí ọmọ kíláàsì kẹfà máa ka ti ọmọ kíláàsì kẹta. Kí ìyá àgbà máa pe ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, kí ọmọ máa sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì.

Ilé ìwé tó bá sì ń gba owó ìtanràn fanákúlà, mo bẹ̀ yín, ẹ fi owó náà ra ìwé ìtàn sí ilé ìkàwé.